ÌBỌN KÚKÚRÚ ÀTI ỌTA WẸ́WẸ́



Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a óò kàwé nípa ìbọn. Kì í ṣe torí kí ẹnikẹ́ni lè lọ ra ìbọn. Torí pé ìbọn wà láàárín wa ni. Ọdẹ ń yin ín nínú igbó. Àwọn ènìyàn ń yin ín níbi òkú àgbà. Ẹni tó bá mọ̀wé yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá irin náà, kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn yìí ní jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́.

1. ÌTÀN: BÀBÁ ỌDẸ ÀTI ÌBỌN Ọ̀RẸ́ MI

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó ti Kambolé lọ sí Tchamba. Ìka mẹ́ta péré ló wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀. N ò béèrè rí.

Ní ọdún kan, ọ̀yà ń jẹ àgbàdo mi run. Ọ̀rẹ́ mi kan mú ìbọn ìléwọ́ kan wá, èyí tí alágbẹ̀dẹ ṣe. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, bíi ṣakabùlà. Ọ̀rẹ́ mi ní ọta wẹ́wẹ́ ni kí n máa kì sí i. Ó ní bí ọta bá ti pọ̀, n ò ní tàsé. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Inú mi dùn. Mo gbé e lọ fi han Bàbá.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní:

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo fẹ́ ra ìbọn yìí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá gbà á. Ó kọ́kọ́ yí ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn. Ó ti ọ̀pá tí a fi ń kì í bọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi dúró. Ó di ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba mú. Ó fà á yọ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta.

"Kí lẹ ń wọ̀n, Bàbá?"

"Mò ń wò ó bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá bá wọlé dé ìdí, ìbọn ṣófo. Bí kò bá dé ìdí, wọ́n ti kì í sílẹ̀. Ìbọn tí o ò tíì wọ̀n, má pè é ní òfìfo."

Ìbọn náà ṣófo. Bàbá fi ìka ra ara irin náà. Ó ní:

"Ọ̀pá omi ni wọ́n fi ṣe é. Wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Iná ni ìwọ fẹ́ fi sí i."

"Ṣé kò dáa ni, Bàbá?"

"Èmi kọ́ ni n óò sọ fún ọ. Ẹní ni yóò sọ fún ọ. Lọ mú ògbólógbòó ẹní wá."

2. OHUN TÍ ẸNÍ SỌ FÚN WA

A gbé ẹní náà ti òkìtì ọ̀gán, kí ọta má baà kọjá lọ bá ẹnì kan. Bàbá fi èédú ya igbá kan sí àárín rẹ̀. Igbá náà fẹ̀ tó ara ọ̀yà. Ó di ìbọn mọ́ kùkùté igi. Ó so okùn gígùn mọ́ ibi tí ìka ń fà. A lọ sá pamọ́ sẹ́yìn òkìtì mìíràn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Kò sọ nǹkan kan.

Bàbá ní ìwo kékeré kan tó gé. Òun ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó wọn ẹ̀tù kún ìwo kan, ó dà á sí ẹnu ìbọn. Ó fi àkísà dí i, ó tì í títí ó fi kan ẹ̀tù. Ó ka ọta 40, ó dà á sí i. Ó tún fi àkísà díẹ̀ dí i, kí ọta má baà dà jáde. Ó fa okùn. Ìbọn dún.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la yin ín. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a nu inú ọ̀pá, a sì sún ẹní sẹ́yìn. Ohun tí a kà nínú igbá nìyí:

Ní ìṣísẹ̀ 5: ọta 30.
Ní ìṣísẹ̀ 10: ọta 8.
Ní ìṣísẹ̀ 20: ọta 2.

Bàbá bi mí: "Ṣé ọ̀yà yóò dúró dè ọ́ ní ìṣísẹ̀ 5?"

"Rárá, Bàbá. Yóò ti sá lọ."

"Ní ìṣísẹ̀ 20 ńkọ́? Ọta 2 wẹ́wẹ́ yìí, ṣé wọn yóò pa á?"

"Bóyá wọn yóò ṣe é léṣe."

"Yóò gbé ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó. Ìwọ ò rí ẹran, ẹran ò rí ìyè. Ọta 38 yòókù ńkọ́? Ta ni wọ́n lọ bá?"

N ò mọ èsì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Mo ní: "Bàbá, ẹ̀tù ló kéré. Ẹ jẹ́ ká fi kún un, kí ọta lè lọ jìnnà."

Ó ní: "Fi èyí tí o rò pé ó tó sí i. Ṣùgbọ́n okùn la óò fi fà á."

Mo da ìwo mẹ́ta sí i. Mo kì í. A sá sẹ́yìn òkìtì. Mo fa okùn.

Ariwo náà yàtọ̀. Nígbà tí èéfín lọ, a jáde. Ọ̀pá ìbọn ti là ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Igi ìdìmú rẹ̀ ti fọ́. Ègé irin kan wọ inú kùkùté, a ò rí i fà yọ.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo ka ìka mi. Wọ́n pé 10.

Bàbá jókòó. Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi: "Mo kì í lẹ́ẹ̀kan, mo gbàgbé, mo tún kì í. Ọdún tí ìyá rẹ lóyún rẹ ni. Láti ọjọ́ náà, n ò kì ìbọn láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n mọ́."

3. KÍ LÓ FA OHUN TÍ A RÍ?

Ẹ jẹ́ ká wá ìdí rẹ̀ pọ̀.

Ìdí kìíní: ọta wẹ́wẹ́ dà bí irúgbìn. Bí a bá fọ́n ìkúnwọ́ irúgbìn kan sí oko kékeré, yóò ki. Bí a bá fọ́n ìkúnwọ́ kan náà sí oko ńlá, yóò fọ́nká. Bí ọta bá ti jáde lẹ́nu ìbọn ni wọ́n ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Bí ọ̀nà bá ti jìn sí i ni ibi tí wọ́n bọ́ sí ń fẹ̀ sí i.

Ẹ fi oko ṣe ìṣirò rẹ̀. Oko tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 10, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ó jẹ́ 10 × 10 = 100. Oko tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 20, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 20, ó jẹ́ 20 × 20 = 400. Òró di ìlọ́po 2, ìbú di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n oko di ìlọ́po 4. Ìdí nìyí tí ọta inú igbá fi dín tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà di ìlọ́po 2, ọta tó kù nínú igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 1 nínú 4.

Ìdí kejì: ọta wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́nà. Ọta ńlá lágbára láti la afẹ́fẹ́ kọjá ju ọta kékeré lọ. Ègé ìṣó àti òkúta kò yí rogodo, torí náà wọ́n tún burú sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì ń ha inú ọ̀pá.

Ìdí kẹta: ọ̀pá náà kúrú. Ẹ̀tù dúdú nílò ààyè láti jó kó sì ti ọta. Bí ọ̀pá bá kúrú, ẹ̀tù tó pọ̀ jù kì í jó tán nínú rẹ̀. Ìyókù ń jáde bí iná àti èéfín lẹ́nu ìbọn. Ariwo ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọta kò lọ jìnnà tó bí a ṣe rò. Agbára ẹ̀tù tó pọ̀ jù tún ń tú ọta ká. Lẹ́yìn èyí, ìbọn ìléwọ́ kò ní ìdí tí a lè gbé lé èjìká. Ọwọ́ nìkan ló dì í mú, ọwọ́ sì ń gbọ̀n.

Ìdí kẹrin: irin ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, ó ń di gáàsì gbígbóná tó ń wá ọ̀nà jáde. Bí ọ̀nà ẹnu bá há jù, tàbí tí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, gáàsì yóò la ọ̀nà tirẹ̀ níbi tí irin kò ti lágbára. Ibi náà sì sún mọ́ ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń yìnbọn.

4. BÁWO NI IRÚ ÌBỌN YÌÍ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA?

Àwọn òyìnbó oníṣòwò ló kó o wá sí etí òkun. Àwọn ará Denmark wà lára wọn. Wọ́n ní ilé olódi ní Accra. Wọ́n kọ́ òmíràn sí Keta ní ọdún 1784, kò jìnnà sí ibi tí Lomé wà lónìí. Ní ọdún 1850, wọ́n ta àwọn ilé náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ṣakabùlà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní ilẹ̀ Belgium ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà.

Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels. Wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n máa ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn ènìyàn ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ìbọn ìgbàlódé ni èyí tó ní ìlà nínú ọ̀pá, tó ń mú ọta yí kó lè lọ tààrà, tàbí èyí tí a ń kì láti ìdí. Èyí tí wọ́n gbà kí wọ́n máa tà ni ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú rẹ̀ dán, pẹ̀lú ẹ̀tù dúdú. Ní ìgbà náà, àwọn ará Jámánì ló ń jọba ní Togo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1884, wọ́n sì kúrò ní 1914.

Ẹ wá rí i: ìbọn tí inú rẹ̀ dán pẹ́ lọ́wọ́ wa torí pé òun ni wọ́n gbà ká rà. Lẹ́yìn náà, àwọn alágbẹ̀dẹ wa fojú wò ó, wọ́n kọ́ ọ. Ọwọ́ wọn mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá omi kì í ṣe irin ìbọn.

5. ÀWỌN ÀṢÌṢE TÓ Ń GBA ỌWỌ́ ÀTI OJÚ

Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín. Bí ọdẹ bá wà nílé yín, ẹ kà wọ́n fún un.

Má fi ìkúnwọ́ wọn ẹ̀tù. Ọwọ́ kò dọ́gba. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni kí o máa lò.

Má da ẹ̀tù láti inú ìwo ńlá tààrà sí ẹnu ìbọn. Iná àkísà tó kù nínú ọ̀pá lè ràn mọ́ gbogbo ìwo náà lọ́wọ́ rẹ.

Má fi ààyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀tù àti ọta. Bí àkísà bá dúró ní agbedeméjì, ọ̀pá lè là níbẹ̀.

Má tú ẹ̀tù inú katiríìjì sínú ṣakabùlà láé. Kì í ṣe ẹ̀tù kan náà. Paul Vieille, ará Faransé, ló ṣe irú ẹ̀tù aláìléèéfín náà ní ọdún 1884. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ìwọ̀n tó kéré lójú rẹ lè fọ́ ìbọn.

Bí ìbọn kò bá dún, má wo ẹnu rẹ̀. Iná lè máa jó lọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí o sì ka iye dé 60 kí o tó ṣe ohunkóhun.

Má gbé ìbọn tí a ti kì wọlé. Ọmọdé kò mọ òfìfo, kò mọ kíkún.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ̀ lé àkísà tó jáde lẹ́nu ìbọn. Ó lè máa jó lábẹ́ koríko. Oko kájú àti aká iṣu ti bẹ́ẹ̀ jóná rí.

Níbi òkú, ẹ̀tù nìkan ni wọ́n máa ń kì láìsí ọta. Àwọn kan rò pé kò léwu. Ó léwu. Àkísà tó jáde lẹ́nu ìbọn lè fọ́ ojú ènìyàn. Ẹni tó sì ń kì í yó kí ariwo lè pọ̀, òun náà ń ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ ẹní.

Lẹ́yìn yínyìn, ẹ̀tù dúdú ń fi èérí sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Èérí náà ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń mú irin dógùn-ún. Irin tó ti dógùn-ún ti dín kù. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́. A óò nu ún gbẹ, a óò sì fi òróró pa á.

6. ÒJÉ ŃKỌ́?

Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta. Àwọn kan ń fọ́ bátìrì mọ́tò, wọ́n ń yọ́ òjé rẹ̀ lórí ààrò ìdáná. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà á láàyè. Èéfín àti eruku òjé jẹ́ májèlé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ṣe aláboyún níbi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Bí ẹran tí a yìn níbọn bá dé ilé, ẹ gé ibi tí ọta ti wọlé dànù, kí ẹ gé e fẹ̀ dáadáa. Ẹ má fún ajá. Ẹni tó fọwọ́ kan ọta, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun.

7. KÍ NI ÒFIN SỌ?

Òfin igbó ti Togo jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2008. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Igbó tí ìjọba dá sí kì í ṣe ibi ọdẹ. Irú rẹ̀ ni igbó Fazao-Malfakassa, ní ìwọ̀-oòrùn Sokodé, àti igbó Abdoulaye, ní agbègbè Tchamba tiwa níhìn-ín.

Nípa ìbọn fúnra rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Abuja, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009. Àdéhùn náà ní kí ìjọba máa mójú tó àwọn tó ń ṣe ìbọn, títí kan alágbẹ̀dẹ abúlé, àti àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́.

Ìbọn ọ̀rẹ́ mi kò ní ìwé kankan. Bàbá kó àfọ́kù rẹ̀ sínú àpò. Ó mú èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ ló bá wa gbé e lọ fún àwọn jàǹdáàmù. Ẹ̀yin náà, bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dá gbé e rìn lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ baálẹ̀.

Ní ti ọ̀yà, mo ro etí oko mi mọ́, mo ṣe ọgbà yí i ká, mo sì dẹ tàkúté. Àgbàdo ọdún náà kù fún wa jẹ.

8. ÀMÌ OHÙN ṢE PÀTÀKÌ

Ẹ kà wọ́n sókè. Ẹ fetí sí ohùn yín.

ẹtu: ẹran igbó
ẹtù: ẹyẹ tí à ń sìn nílé
ẹ̀tù: ohun dúdú tí a ń kì sínú ìbọn

ọta: ohun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn
ọ̀tá: ẹni tí kò fẹ́ràn wa

Ẹni tó kọ "Mo ra ẹtù" àti ẹni tó kọ "Mo ra ẹ̀tù" kò ra nǹkan kan náà.

9. ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni Bàbá kọ́kọ́ ṣe nígbà tó gba ìbọn? Kí nìdí?
2. Kí ló dé tí Bàbá fi okùn fa ìbọn?
3. Kí ló mú kí ìka Bàbá dín?
4. Kí nìdí tí ẹ̀tù púpọ̀ kò fi mú ọta lọ jìnnà tó bí a ṣe rò?
5. Níbi òkú ní abúlé yín, ibo ni àwọn ènìyàn ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn? Ṣé ó jìnnà tó? Ẹ jíròrò rẹ̀.

10. ÌṢIRÒ

1. Bàbá kì ọta 40. Ní ìṣísẹ̀ 10, ọta 8 wọ inú igbá. Mélòó ni kò wọ ibẹ̀?
2. Ọdẹ kan ní ọta 600. Ó ń kì 40 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò yin ín kí ó tó tán?
3. Oko kan jẹ́ mítà 15 ní òró àti mítà 15 ní ìbú. Òmíràn jẹ́ mítà 30 ní òró àti mítà 30 ní ìbú. Ìlọ́po mélòó ni ìkejì fi tóbi ju ìkíní lọ?

11. Ẹ KỌ Ọ́ LẸ́Ẹ̀MẸTA, PẸ̀LÚ ÀMÌ OHÙN

Ìbọn tí o ò tíì wọ̀n, má pè é ní òfìfo.